Níbo Ni Ohùn Ti Gòkè?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú màmá àgbà kan ní ìlú Schiedam, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, mò ń bá wọn wọ steunkousen. Ìbọ̀sẹ̀ líle kan ni, tí dókítà máa ń ní kí àwọn àgbàlagbà wọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má baà wú. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ fún arúgbó rí mọ̀ pé iṣẹ́ agbára ni. O ó kọ́kọ́ yí i síta dé gìgísẹ̀, o ó ti àwọn ọmọ ìka bọ inú rẹ̀, o ó wá máa fà á gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé abẹ́ orúnkún, láìjẹ́ kó ká jọ níbì kankan. Bí ọwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu ń sọ̀rọ̀. Màmá bi mí pé kí ló ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ilé dé ilé yìí. Mo ti kọ́ ìdáhùn rẹ̀ ní kíláàsì, ó sì ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: "Vallen voorkomen, mevrouw." Kí n má jẹ́ kí wọ́n ṣubú, ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Àmọ́ voor ni mo gbé ohùn lé.

Màmá mú ṣíbí tíì wọn. Wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà padà fún mi ní wẹ́wẹ́, voor, ko, men, nígbà tí wọ́n sì dé àárín, wọ́n fi ṣíbí lu etí àwo tó wà lábẹ́ ife. Ẹ̀ẹ̀kan péré. "Voor-KO-men, kind." Wọ́n ní bí mo ṣe pè é yẹn, ohun tí mo sọ ni pé kí èèyàn máa ṣubú ni iṣẹ́ mi.

Lẹ́tà 9 kan náà ni. Tí ohùn bá gun voor, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Tó bá gun ko, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a dènà rẹ̀. Nínú ìwé, bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ méjèèjì, àfi tí òǹkọ̀wé bá rí i pé wọ́n lè ṣi òun gbọ́ ló máa tó fi àmì sí i: vóórkomen, voorkómen. Ẹ wo àmì yẹn dáadáa. Àmì ohùn òkè tiwa gẹ́lẹ́ ni.

Ọdún kẹrin mi ní Rotterdam nìyẹn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi gbà pé èdè Dọ́ọ̀ṣì kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ohùn. Wọ́n ti sọ fún wa láti ilé ìwé pé èdè Yorùbá lólóhùn, ti Òyìnbó kì í ṣe olóhùn, mo sì gbé etí mi kalẹ̀ bí ẹni gbé irinṣẹ́ tí kò níṣẹ́ kalẹ̀. Ṣíbí màmá ló ní kí n tún un gbé. Etí tó ń gbọ́ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ láàárín ariwo ọjà, kí ló dé tí kò ní gbọ́ ibi tí voorkomen ti gòkè?

Orúkọ tí wọ́n fún nǹkan náà gan-an ló yẹ kó ti ta mí lólobó. Klemtoon ni wọ́n ń pè é. Toon ni ohùn. Klem ni kí nǹkan di nǹkan mú gírígírí. Ohùn tí a dì mú, bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Sílébù náà ní orúkọ tirẹ̀, lettergreep: letter ni lẹ́tà, greep ni ìwọ̀n tí ọwọ́ gbá mú lẹ́ẹ̀kan. Gbá lẹ́tà mú, o ti ní sílébù kan lọ́wọ́. Mi ò tíì rí orúkọ tó ṣe wẹ́kú tó báyìí fún ohun tí ẹnu ń ṣe.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nẹ́dálándì, gígùn ọ̀rọ̀ wọn ló ń kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Nínú ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà tó kọ́kọ́ wọlé mi ni mo ti rí ziektekostenverzekering. Lẹ́tà 23, kò sí àlàfo kankan láàárín wọn tí èèyàn lè fi mí. Ziekte ni àìsàn, kosten ni ìnáwó, verzekering ni ìbánigbófò. Láti 2006 tí òfin ìlera wọn ti yí padà, zorgverzekering ni wọ́n sábà ń pè é, ó kúrú díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo rí ti àkọ́kọ́ yẹn, ṣe ni mo pa lẹ́tà náà dé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ló wá là mí lójú. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ àìsàn wọn sì rọrùn láti tú ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí ọ̀rọ̀ inú ilé ni wọ́n fi kàn án pọ̀. Hersenvliesontsteking, ìyẹn yínrùnyínrùn: hersen ni ọpọlọ, vlies ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ontsteking ni kí ara wú kó sì pọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún kí iná ràn. Iná ràn mọ́ awọ ọpọlọ. Ọmọdé á lóye rẹ̀. Handschoen, ìbọ̀wọ́ tí mò ń wọ̀ kí n tó fọwọ́ kan ojú egbò, hand ni ọwọ́, schoen ni bàtà. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni bloedarmoede. Bloed ni ẹ̀jẹ̀, armoede ni òṣì. Nígbà tí àwa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára, àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ti tòṣì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú u, mo dúró lójú àtẹ̀gùn ilé aláìsàn, mo sì tún un pè lẹ́nu ara mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìparí ni orí wà, ìyẹn apá tó ń sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́ gan-an. Huisarts, arts ni, ìyẹn dókítà. Huis tó wà níwájú, ìyẹn ilé, ló ń sọ irú dókítà tó jẹ́. Tiwa ni òdìkejì: ilé ìwòsàn, ilé ló ṣíwájú, ìwòsàn ló ń ṣàlàyé rẹ̀. Orí tó wà lẹ́yìn yìí náà ló ń pinnu de àti het, ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, tó ń da gbogbo wa láàmú: de zieke, het huis, nítorí náà het ziekenhuis. Àmọ́ bí orí bá wà lẹ́yìn, iwájú ni ohùn ń wà. HUISarts. ZIEkenhuis. BLOEDarmoede. Apá tó ń ṣe ìyàtọ̀ ni ohùn ń gùn, bí ìgbà tí ẹnì kan bi ọ́ pé dókítà wo, tí o sì dá a lóhùn pé ti ilé. Bó ti wù kí ọ̀rọ̀ gùn tó, àwọn ìyókù á tẹríba. Tí ontsteking bá dá dúró, ohùn gun sté. Tó bá ti bọ́ sẹ́yìn hersenvlies, ohùn HER lókè pátápátá ló borí, ti ontsteking á relẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe wá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ pin sí lẹ́nu wọn. Tí ohùn bá ti gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà la ṣì wà. Ìgbà tó bá tún fò dé ibi gíga yẹn ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé.

Ibi oríkèé, níbi tí apá ọ̀rọ̀ méjì ti so pọ̀, ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Avond ni ìrọ̀lẹ́. Ìwé ní d, ẹnu ní t: avont, torí pé nínú èdè Dọ́ọ̀ṣì, d kì í lè dún bíi d ní ìparí. Tó bá di púpọ̀, avonden, d padà dé, nítorí ó ti bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ sílébù tó kàn: a-von-den. Ẹ wá gbọ́ avondeten, oúnjẹ alẹ́. Fáwẹ́lì e wà lẹ́yìn d níbí náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú avonden, síbẹ̀ t ni ẹnu ń pè: avont-eten. Oríkèé wà níbẹ̀, d kò sì fò ó kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bloedarmoede, bloet-armoede. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹran bá pàdé oko, fáwẹ́lì kan á jẹ ìkejì, ó di ẹranko. Ọmọ pàdé ọba, ó di ọmọba, ẹni tí kò bá kọ́ gírámà kò ní rántí pé nǹkan kan já bọ́ níbẹ̀. Àwa ń pa oríkèé mọ́ sínú, àwọn ń ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ràn ìṣọ́ yẹn gidigidi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dá t inú avondeten gbọ́ fúnra mi, láìsí pé ẹnikẹ́ni nawọ́ sí i, ó dà bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ pa ògiri tó sì rí ojú ìlẹ̀kùn.

Ibi tí a bá ti gé e ló ń sọ ohun tó jẹ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà máa ń fi massagebed dán ara wọn wò. Gé e lẹ́yìn massage, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń wọ́ ara ni, ohùn á gun sílébù kejì, g á sì dún wúyẹ́ bíi ti èdè Faransé tó ti wá. Gé e lẹ́yìn massa, ó di àdúrà ọ̀pọ̀ èrò, gebed ni àdúrà, ohùn á padà sí sílébù àkọ́kọ́, g á sì ha ọ̀fun. Bẹ́ẹ̀dì tàbí àdúrà, lẹ́tà kan kò yí padà lójú ìwé.

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni mo máa ń wọ̀ láti Beurs lọ sí Schiedam, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì máa ń ké orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ ṣíbí yẹn ni mo ti ń fetí sí i. EENdrachtsplein: eendracht ni ìṣọ̀kan, plein ni gbàgede, s tó wà láàárín ló so wọ́n pọ̀. MarCOniplein: sílébù àkọ́kọ́ kọ́ ni ohùn gùn níbí, torí Marconi fúnra rẹ̀, ọkùnrin ará Ítálì tó ṣiṣẹ́ lórí rédíò, àárín orúkọ rẹ̀ ni ohùn wà. Apá iwájú ló ni ohùn, ibi tí ohùn sì ti wà tẹ́lẹ̀ nínú apá náà ló ń dúró sí.

Ẹ̀rọ á wá ké SchieDAM, ó di ìparí. RotterDAM. AmsterDAM. VolenDAM. Dam ni ohun tí wọ́n fi dí omi, orúkọ odò sì ni Schie, Rotte àti Amstel. Ìwé ìdásílẹ̀ owó ibodè kan láti 1275 ti dárúkọ àwọn tó ń gbé lẹ́bàá Amestelledamme. Ó ti lé ní ọdún 700 tí wọ́n ti ń pe ìlú náà, ìdídò yẹn gan-an ni ohùn sì ń gùn títí dòní. Stadhuis náà, gbọ̀ngàn ìjọba ìlú tó ní ibùdókọ̀ ní àárín Rotterdam, stadHUIS ni, nígbà tí ziekenhuis tó parí bíi tirẹ̀ jẹ́ ZIEkenhuis. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti béèrè STADhuis lọ́wọ́ èèyàn tí wọ́n sì wò mí fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó yé wọn.

Ní ọjà Binnenrotte, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta níbi tí odò Rotte ti ṣàn kọjá láyé àtijọ́, ẹnu àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ ni mo ti rí ìyókù kọ́. BLOEMkool, ohùn wà níwájú. BoerenKOOL, ohùn wà lẹ́yìn. RodeKOOL, lẹ́yìn náà ni. Kool, ìyẹn kábéèjì, ni gbogbo wọn. Rode ni pupa, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ méjì ni rode àti kool kí wọ́n tó kọ wọ́n pọ̀. Wọ́n so wọ́n mọ́ra lójú ìwé, ohùn kò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó ń polówó kò ka òfin kankan. Ó ń ké e lóhùn rara láti òwúrọ̀, èmi náà sì ń tẹ̀ lé e sínú bí mo ṣe ń ṣa tòmátì.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dò-re-mí kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú rẹ̀. Huisarts, mí dò. Ziekenhuis, mí dò dò. Stadhuis, dò mí. Kì í ṣe ohun tí mo dá sílẹ̀. Ẹnu Yorùbá ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́: sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó gbé e sókè, a ó sì jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e wálẹ̀. Tísà. Mọ́tò. Kọ̀ǹpútà, pú ló wà lókè, níbi tí àwọn tó ni ín ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn bàbá wa gbọ́ ibi tí ohùn gùn láìsí tísà kankan tó ṣàlàyé fún wọn. Lóòótọ́, dò-re-mí mi kò gbé gbogbo rẹ̀. Sílébù tí wọ́n bá dì mú máa ń lágbára sí i, ó sì máa ń gùn sí i, èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ á rọ, e inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, n ìparí kì í sì í sábà dún lẹ́nu ará Rotterdam. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn tí mò ń tọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ ní kí n tún ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ èdè náà, oṣù mélòó kan la fi kọ́ de àti het, a kọ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ń sá lọ sí ìparí gbólóhùn, a há àwọn ọ̀rọ̀ gígùn sórí bí ẹni há nọ́ńbà fóònù. Kò sẹ́ni tó lu tábìlì fún wa rí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ohùn á wá bó bá yá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2022 tí òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ìpele èdè tí wọ́n ń pè ní B1 ni ìjọba ń fẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú dé. Èèyàn lè fi ojú ka ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, kó jáde síta, kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì má sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo mọ àwọn obìnrin tó mọ̀wé jù mí lọ tí wọ́n ti dákẹ́ nítorí èyí. Wọ́n rò pé ẹnu àwọn wúwo. Ẹnu wọn kò wúwo, ibi tí ohùn ń gùn ni kò sẹ́ni tó fi hàn wọ́n.

Ìkọ̀wé wọn kò ranni lọ́wọ́ lórí èyí. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Groene Boekje, Ìwé Kékeré Aláwọ̀ Ewé, àkójọ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀. Ti 1954 ló kọ́kọ́ jáde lábẹ́ orúkọ yẹn, wọ́n sì tún un ṣe ní 1995, 2005 àti 2015. Ní 1995, pannekoek, ìyẹn páńkéèkì, di pannenkoek, n kan wọ oríkèé, inú sì bí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọdún yẹn náà ni zeeëend, pẹ́pẹ́yẹ òkun, di zee-eend, kí e mẹ́rin má baà dà pọ̀ mọ́ra. Gbogbo aáyan yẹn, orí oríkèé ló dá lé: lẹ́tà wo ló yẹ kó wà níbẹ̀, àmì wo ló yẹ kó ya apá kìn-ín-ní sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ibi tí ohùn ti ń gòkè, wọn kò kọ ọ́ síbì kankan nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ọmọ onílé kò nílò rẹ̀, ó ti mu ún mọ́ ọmú.

Ọmọ mi wà ní groep 3 nígbà náà, ọdún tí àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà ń kọ́ ìwé kíkà. Hakken en plakken ni wọ́n ń ṣe, gígé àti lílẹ̀. Ó gé boom sí b, oo, m, ó sì tún lẹ̀ ẹ́ padà. Tó bá kan ọ̀rọ̀ gígùn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan: zie-ken-huis, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo jókòó tì í lórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo rí i pé àtẹ́wọ́ rẹ̀ kò dọ́gba. Ti àkọ́kọ́ ló le jù, nígbà gbogbo, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá ní Schiedam, wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Tísà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní ibi àtẹ́wọ́ làwọn náà ti máa ń mọ ọmọ tó ti fẹ́ máa ka ìwé. Wọ́n fa fáìlì tí a máa ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí mọ́ra, wọ́n wo ibi tí mo kọ orúkọ mi sí: Olúwafúnmiláyọ̀. Orúkọ yẹn ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ní ìlú yìí. Nílé dókítà, obìnrin tó ń pe aláìsàn wọlé á yọjú, á wo ìwé, á wo gbogbo wa, mo sì ti máa ń dìde kó tó la ẹnu, torí mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń wá oríkèé, kò sì rí i. Mo mọ bó ṣe ń ṣe é.

Màmá ò bẹ̀rù. Wọ́n mú ṣíbí. "Waar ligt de klemtoon?" Níbo ni ohùn ti gòkè?

Mo ní, "Mevrouw, ohùn kan péré kọ́ ló wà níbẹ̀. Sílébù méje ni, olúkúlùkù ló ní tirẹ̀. Ó lè wà lókè, ó lè wà láàárín, ó lè wà nísàlẹ̀."

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n gbé ife kúrò lórí àwo, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ṣíbí kan ife, ó dún tín-ín. Wọ́n kan àwo, ó rẹlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n kan pákó tábìlì, ó dún gbọ̀. Wọ́n wò mí bóyá ó tọ́. Mo ní ó tọ́.

Mo wá pe orúkọ mi ní wẹ́wẹ́, mo ń nawọ́ sí èyí tí wọ́n máa kàn, ṣíbí sì ń tẹ̀ lé mi: àwo, ife, àwo, ife, àwo, ife. Wọ́n dá ṣíbí dúró sókè, wọ́n ń wo ẹnu mi.

"Yọ̀," mo ní, mo sì nawọ́ sí tábìlì.